Atom N270 kan náà: XP rí orí kan, Debian rí orí méjì. Èwo ni òótọ́?

Ọmọ Atẹ̀wé, Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ inú kọ̀ǹpútà dáadáa bá mi tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ra òmíràn. Gbogbo ẹni tí mo bi ní àdúgbò ló ti sọ ìyẹn fún mi.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ń bójú tó ní Ṣómólú níbí. Bàbá mi ló dá a sílẹ̀. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì, kàlẹ́ńdà, ohun tí oníbàárà bá gbé wá la máa ń tẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan wà lórí tábìlì tí mo ti ń gbowó, kékeré ni, ojú rẹ̀ kò ju ínṣì 10 lọ. Processor Intel tó ń jẹ́ Atom N270 ni ọpọlọ inú rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 1 GB. Òun ni mo fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà, iye tí wọ́n san sílẹ̀ àti iye tó kù, òun náà ni mo fi ń tẹ rìsíìtì. Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ni mo ti rà á ní 2011, tòkunbọ̀ ni. Ọkùnrin tó tà á fún mi fi ìka lu ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní: "Madam, orí méjì ló ní o, dual core ni." Owó orí méjì ni mo san.

Iná ni kò jẹ́ kí n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, mi ò lè tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rìsíìtì mọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ń dúró de NEPA, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n tábìlì tèmi kò gbọdọ̀ dúró. Bátìrì 12 volt kan wà lábẹ́ rẹ̀, páànẹ́lì sólà kan wà lórí páànù, àwọn méjèèjì ló ń gbé láptọ́ọ̀pù yìí àti gílóòbù méjì láti àárọ̀ di ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi yá mi ní láptọ́ọ̀pù ńlá tirẹ̀ lò fún ọjọ́ mélòó kan. Aago mẹ́ta ọ̀sán kì í lù kó tó fa bátìrì náà gbẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Windows XP ló wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á, mi ò sì lè yọ ọ́, torí pé skánà bàbá mi kò ní driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀) fún ohun tó dé lẹ́yìn XP. Skánà yẹn dára. Tí ẹbí kan bá gbé fọ́tò bàbá wọn wá fún ìwé ètò ìsìnkú, fọ́tò tó ti pọ́n, tí etí rẹ̀ ti ká, ó máa ń gbé ìlà ojú àti abẹ́rẹ́ fìlà jáde bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Mi ò tíì rí tuntun tó ṣe é bẹ́ẹ̀ ní iye tí agbára mi ká.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá ti fi fọ́tò sínú skánà lórí XP, gbogbo nǹkan á dúró. Igo iyanrìn kékeré yẹn á máa yí lójú mi, oníbàárà á dúró níwájú mi tòun ti owó lọ́wọ́, mi ò ní lè ṣí rìsíìtì títí fọ́tò á fi tán. Mo wo Task Manager, ibi tí XP ti ń fi iṣẹ́ processor hàn, nígbà kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àpótí dúdú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìlà aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ òkè ní 100.

Àbúrò mi wá fi Debian 12, irú Linux kan, sí ẹ̀gbẹ́ XP lọ́dún tó kọjá. Lórí ìyẹn, mo lè ní kó máa sọ fọ́tò di kékeré kí n sì máa kọ rìsíìtì lọ. Mo tẹ `lscpu` bí ó ṣe kọ́ mi, ohun tí mo rí nìyí:

CPU(s): 2
Thread(s) per core: 2
Core(s) per socket: 1

Ẹ̀rọ kan náà ni o! XP ní ọ̀kan ni, Debian ní méjì ni. Tí mo bá sì ka ìlà kẹta yẹn, ó jọ pé Debian fúnra rẹ̀ tún ń sọ pé ọ̀kan ni. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún mi ní 2011? Àbí XP ló fọ́jú?

Ọkùnrin tó bá mi so sólà tún wá dá kún un. Ó ní nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní Hyper-Threading, pé òun ló ń jẹ bátìrì, kí n wọ BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó dé, kí n pa á. Mo wọ ibẹ̀, mo rí i lóòótọ́, "Enabled" ló wà. Ọwọ́ mi ti wà lórí Enter kí n tó fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ pa ohun tí mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fọwọ́ kàn nínú rẹ̀ látọjọ́ yìí, àfi bátìrì kékeré bíi bọ́tìnnì tó wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ìyẹn nígbà ọyẹ́ kan, ṣáájú kí Debian tó dé, torí gbogbo ìgbà tí mo bá tan láptọ́ọ̀pù ló ń sọ fún mi pé ọdún 2008 la wà. Mo ti tẹ rìsíìtì 2008 fún ìjọ kan rí, akápò wọn dá a padà.

---

Ọmọ Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀tìgbà náà ni mo wà, títún láptọ́ọ̀pù ṣe ni iṣẹ́ mi, ó sì dùn mí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. N270 kì í ṣe dual core. Core, orí tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, ọ̀kan ló ní. 2008 ni Intel gbé e jáde, 1.6 GHz ni, thread méjì, ìyẹn ọ̀nà méjì tí iṣẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló wà lórí core kan yẹn. Àwọn kan nínú wa máa ń rí àpótí méjì nínú Task Manager, wọ́n á sọ pé orí méjì ni, wọ́n á sì fi gba owó. Mo ti bá ẹlẹgbẹ́ mi fa ọ̀rọ̀ yìí rí títí ohùn fi ròkè. Nínú àwọn Atom tí wọ́n ṣe fún láptọ́ọ̀pù kékeré, N550 tó dé ní 2010 ni core méjì tòótọ́.

Ẹ wá gbọ́ o, bátìrì bọ́tìnnì tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé mi. Bó bá ti kú, tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́, BIOS á gbàgbé ohun gbogbo tí ẹnikẹ́ni ti yàn sínú rẹ̀, á padà sí bí ó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun, tàbí ẹni tó fi XP sí i, ti pa Hyper-Threading ṣáájú. XP kò sì rí bíi Linux lórí èyí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi XP sórí ẹ̀rọ ló máa ń yan abala kan tí wọ́n ń pè ní HAL, èyí tó dúró láàrin Windows àti bọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló rí lọ́jọ́ náà, HAL ti ọ̀kan ló máa gbé wọlé. Nígbà tí ẹ wá pààrọ̀ bátìrì, Hyper-Threading jí. XP kò gbọ́ sí i. Linux ní tirẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án ló máa ń ka tábìlì ACPI (àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ) tí BIOS tẹ́ síwájú rẹ̀, iye tó bá bá níbẹ̀ ni yóò lò.

Ẹ lọ sí Device Manager lórí XP, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ "Computer" sí. Bí ẹ bá rí "ACPI Uniprocessor PC", ohun tí mo sọ yẹn ni. Ẹ tẹ Update Driver, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ yàn án fúnra yín, ẹ wá mú "ACPI Multiprocessor PC". Bí ó bá jẹ́ "Advanced Configuration and Power Interface (ACPI) PC" ni ẹ rí, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí XP lè má jí mọ́. Ìyẹn gba kí a tún XP fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ kó ìwé àwọn oníbàárà yín sórí flash ná. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fo ìyẹn.

---

Olùkọ́ Yábàá

Ọmọ Ọ̀tìgbà ti mú u níbi tó ti yẹ. Tìtorí ọ̀rọ̀ bátìrì sólà ni mo ṣe dá sí i, torí tí a bá pa Hyper-Threading lórí Atom, a ti pa ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀.

Màmá, Ṣómólú yín náà ni mo máa fi ṣàlàyé. Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ la ti máa ń gé ìwé ìdánwò wa, mo sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé kan níbẹ̀ fún odindi ọ̀sán. Ẹ̀rọ kan ni, àwọn atẹ̀wé méjì ló jọ ń lò ó. Ẹni kìíní á kó ìwé rẹ̀ dé, á gbọ̀n ọ́n lórí tábìlì kí etí rẹ̀ lè dọ́gba, á fẹ́ atẹ́gùn sí i láàrin, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, á wọn ún. Ní gbogbo àsìkò yẹn, abẹ kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹni kejì tó ti to tirẹ̀ tán ló máa ń ti ìwé wọlé nígbà náà, abẹ á sọ̀ kalẹ̀, gbì! Nígbà tí yóò bá fi kó tirẹ̀ jáde, ti ẹni kìíní ti dọ́gba. Abẹ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n kò sinmi. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ṣetán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ní láti dúró. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ̀rọ méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń jáde níbẹ̀.

Abẹ yẹn ni core yín. Àwọn tó ń to ìwé ni thread méjèèjì. RAM ló ń fa ìdúró, torí processor yára ju RAM lọ fíìfíì. Ohun tó jẹ́ kó ṣe pàtàkì jù lórí N270 ni pé Atom ìgbà náà kì í fo iṣẹ́. Àṣẹ tó bá wà níwájú ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣe, bí ìyẹn bá sì ń retí nǹkan láti inú RAM, gbogbo èyí tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á dúró pẹ̀lú rẹ̀. Processor ńlá máa ń wo ẹ̀yìn, á mú èyí tó ti ṣetán, á ṣe é ná. Ìwòyẹ̀wò yẹn ń gba àyè, ó sì ń jẹ iná, bẹ́ẹ̀ 2.5 watt ni gbogbo iná tí wọ́n fún N270. Nítorí náà, wọ́n fi wíwo ẹ̀yìn sílẹ̀, wọ́n fi thread kejì sí i kí abẹ má baà dá dúró. Orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo ni simultaneous multithreading, SMT. Hyper-Threading ni Intel ń pe tiwọn láti 2002, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú Xeon àti Pentium 4. Àwọn Tullsen, Eggers àti Levy ní Yunifásítì Washington ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1995, ṣùgbọ́n lójú tèmi, orí ẹ̀rọ kékeré bíi tiyín yìí ló ti wúlò jù.

Kí wá ni iṣẹ́ operating system, ìyẹn XP tàbí Debian, níbẹ̀? Òun ni ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ń pín iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé àyè méjì wà. XP yín kò mọ̀, ẹ sì ti rí ohun tó fà. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé abẹ kan náà làwọn méjèèjì ń lò. Èyí kò ṣe yín ní nǹkan kan torí core yín kò ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ ìgéwèé méjì, àyè méjì ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni ẹnu ọ̀nà kò bá mọ èwo ló wà ní ìdí èwo, ó lè da oníṣẹ́ méjì sí ìdí abẹ kan kí èkejì máa wò wọ́n. Ohun tó ń ṣe Windows 2000 nìyẹn: ó rí thread mẹ́rin, ó rò pé processor mẹ́rin ni. XP mọ ìyàtọ̀, bí HAL rẹ̀ bá ti tọ̀nà. Linux náà mọ̀ ọ́n láti ìgbà kernel (ọkàn Linux) 2.6. Ẹ tẹ èyí, ẹ ó sì rí i pé Debian yín mọ̀ pé ọmọ ìyá ni 0 àti 1:

cat /sys/devices/system/cpu/cpu0/topology/thread_siblings_list

Èyí tó kù ni mo kà sí pàtàkì jù fún ẹni tó ń lo bátìrì. Thread tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kúrò ní ìdí abẹ. Operating system máa ń fún un ní àṣẹ tó ń jẹ́ HLT, á sùn, èkejì á ní gbogbo core fún ara rẹ̀. Ètò tó bá ń retí nǹkan díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa lo PAUSE, kó lè yẹra fún èkejì. Àwọn ètò kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró sídìí abẹ láìmú ìwé dání, wọ́n á máa bèèrè pé "ṣé ó ti dé? ṣé ó ti dé?" ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Màmá, bí ẹ ṣe ṣàlàyé ìlà ewé tó lẹ̀ mọ́ 100 yẹn, mo fura pé ohun tí driver skánà yín ń ṣe nìyẹn. Skánà fúnra rẹ̀ kò lè lo gbogbo processor láti fà gílóòbù kan kọjá lábẹ́ gíláàsì. Tí XP bá rí thread kejì, rìsíìtì yín á rí ọ̀nà gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò kàn ní yára tó bí ìgbà tó dá wà ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ gba nọ́ńbà ìdá ọgọ́rùn-ún gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Debian bá sọ pé 50% ló ń ṣiṣẹ́, kò túmọ̀ sí pé ìdajì agbára ṣì wà nílẹ̀. Thread kan ló kún, èkejì ń sùn. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sí èkejì, ohun tí ẹ máa rí gbà kò ní tó ìlọ́po méjì, torí abẹ kan náà ni wọn yóò jọ máa lò.

Ní ti bátìrì, ẹ bá mi kí ọkùnrin sólà yẹn, kí ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe ibẹ̀ niná ń gbà lọ. Chipset 945GSE, èyí tó so Atom yẹn mọ́ RAM àti ojú láptọ́ọ̀pù, ń jẹ ju Atom fúnra rẹ̀ lọ, ojú láptọ́ọ̀pù náà sì ń jẹ tirẹ̀. Thread kejì ń fi díẹ̀ kún un nígbà tí iṣẹ́ bá wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń tètè tán, core yóò sì tètè lọ sùn. Ohun kan tí ẹ lè ṣọ́ ni pé core kò lè sùn wọra àfi tí thread méjèèjì bá sùn. Ètò kékeré kan tó bá ń jí ní gbogbo ìgbà láìsí ìdí ń dí i lọ́wọ́ ju Hyper-Threading lọ. Ẹ fi `powertop` sórí Debian, yóò dárúkọ wọn fún yín.

---

Aṣọ́lé, Mushin

Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé kì í ṣe nítorí ààbò ni wọ́n fi ń ní kí a pa á? Mo rántí pé OpenBSD, operating system kan bíi Linux, pa á fún gbogbo ènìyàn ní 2018.

---

Olùkọ́ Yábàá

Òótọ́ ni, oṣù kẹfà ọdún yẹn ni, torí thread méjì tó ń pín ohun kan lò lè máa yọjú wo ọ̀rọ̀ ara wọn. Lórí processor ńlá tí ọ̀pọ̀ àjèjì jọ ń lò, èmi náà á pa á. Ṣùgbọ́n àwọn Atom ṣáájú 2013 tí kì í fo iṣẹ́ yìí kò sí lára àwọn tí Meltdown àti Spectre, àléébù ààbò inú processor, bá. Ẹ wo inú `/sys/devices/system/cpu/vulnerabilities/` lórí Debian yín, "Not affected" lẹ máa rí fún Meltdown àti Spectre. XP ni kí ẹ ṣọ́ra fún, Màmá. Microsoft ti jáwọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014. Ẹ má fi í wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

---

Ìyá Léèsì, Balógun

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀bù níbí o. Àpótí kékeré kan ni ọmọ mi rà fún mi láti fi ka ọjà, processor Intel N100 ló wà nínú rẹ̀, inverter ló ń gbé e. Mo wọ BIOS tèmi náà, mi ò rí Hyper-Threading níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti ré mi jẹ ni?

---

Ọmọ Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà

Rárá mà, kò sí nínú rẹ̀ ni. Core mẹ́rin ni N100 ní, thread mẹ́rin, watt 6. Láti 2013 tí Intel ti kọ́ Atom láti máa fo iṣẹ́ ni wọ́n ti yọ Hyper-Threading kúrò nínú ìdílé yẹn, àwọn core inú N100 sì jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà. Wọ́n tún yọ ọ́ kúrò nínú core ńlá inú Lunar Lake, processor láptọ́ọ̀pù Intel, ní 2024. Ẹ máa gbádùn tiyín, ó dára.

---

Ọmọ Atẹ̀wé, Ṣómólú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo padà wá láti sọ ibi tó já sí fún yín.

Ọjọ́ Àìkú ni a ṣe é, tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Àbúrò mi kọ́kọ́ kó ìwé oníbàárà sórí flash méjì, ó mú ọ̀kan lọ sílé. A ṣí Device Manager. "ACPI Uniprocessor PC" ló kọ síbẹ̀ lóòótọ́, bí ọmọ wa ti Ọ̀tìgbà ṣe wí. A yí i padà sí Multiprocessor, ó ní ká tún un tàn. Àdúrà ni mo ń gbà nígbà tí ojú rẹ̀ dúdú. Nígbà tó jí, mo ṣí Task Manager, àpótí náà ti di méjì, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọdún mẹ́rìnlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ti ń lo ẹ̀rọ yìí, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

A fi fọ́tò sínú skánà. Ìlà inú àpótí kan gun òkè lọ lẹ̀ mọ́ 100 bí ìṣe rẹ̀. Èkejì wà nílẹ̀. Mo tẹ rìsíìtì, ó ṣí. Ó lọ́ra díẹ̀ ju ìgbà tí skánà kò ṣiṣẹ́ lọ, mo rí i, àmọ́ ó ṣí! Olùkọ́, ẹni tó dúró sídìí abẹ láìmú ìwé dání yẹn, mo mọ irú rẹ̀ dáadáa ní àdúgbò wa.

Mo tún fẹ́ fi ojú ara mi rí ọ̀rọ̀ bátìrì, kí n lè ní ohun tí mo máa bá ọkùnrin sólà sọ. Lórí Debian, àbúrò mi kó 40 fọ́tò jọ, ó ní kó máa sọ wọ́n di kékeré ní méjì méjì. Ìṣẹ́jú 9 ló gbà. Ó wá tẹ èyí:

echo off | sudo tee /sys/devices/system/cpu/smt/control

`lscpu` ní ọ̀kan ló kù lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn fọ́tò kan náà gba ìṣẹ́jú 12. Mo fi í sílẹ̀ ní pípa ní ọjọ́ Ajé, mo tan án padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjèèjì sì ní oòrùn. Mo wo mítà bátìrì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, 12.3 volt ló wà lọ́jọ́ Ajé, 12.3 náà ló wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú ni mo wá dín ìmọ́lẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù kù dé ìdajì, mo sì rí ìyẹn lórí mítà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí páálí kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ọkùnrin sólà dé, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n jẹ́ kí òun yà á sórí fóònù òun, pé òun ti sọ fún ènìyàn mẹ́ta kan kí wọ́n pa tiwọn.

Mi ò fi XP wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ rárá. Àbúrò mi ní Debian 12 náà ni a máa dúró lé, torí 13 kò ní èyí tí wọ́n lè fi sórí ẹ̀rọ 32-bit bíi tiwa mọ́.

Láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ ìyá àgbà kan láti Bàrígà gbé fọ́tò ìyá wọn wá, ó wé gèlè, ó jókòó lórí àga onígi, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbé e sórí gíláàsì, mo bo ọmọrí rẹ̀. Àkọ́bí wọn ka owó tó kù sọ́wọ́ mi, mo kọ ọ́ wọlé, mo tẹ̀ ẹ́. Rìsíìtì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí iná skánà tó dé ibi ẹsẹ̀ ọmọ inú fọ́tò.